Ta ló ń jọba ní Sulaco: ààrẹ ni, àbí òkè fàdákà?

Akàwé_Òru
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Nostromo la fẹnu kò sí pé a máa kà lóṣù yìí, ìwé ìtàn àròsọ tí Joseph Conrad gbé jáde lọ́dún 1904. Fún àwọn tí kò tíì ṣí i: orílẹ̀-èdè kan tí òǹkọ̀wé fi ọpọlọ ara rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Gúúsù Amẹ́ríkà, Costaguana, ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Sulaco ni olú ìlú ẹkùn ìwọ̀-oòrùn rẹ̀. Òkè kan wà nítòsí ìlú náà, San Tomé, tí wọ́n ti ń wa fàdákà níbẹ̀ láti ayé àwọn Sípéènì. Charles Gould ló ni ìwé àṣẹ ìwakùsà náà. Costaguana ni wọ́n bí i sí, àmọ́ òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ayé kà á sí, òun náà sì ka ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo bí ìwé náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe èèyàn ló kọ́kọ́ yọjú, òkun ni: Golfo Plácido, níbi tí afẹ́fẹ́ kì í ti í fẹ́, tí ọkọ̀ onígbòkun ayé àtijọ́ á fi dúró gbagidi sójú kan. Ìdí nìyẹn tí Sulaco fi dá wà ní tirẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí oníṣòwò ayé kò rí i wọ̀, àfìgbà tí ọkọ̀ oníẹ̀rọ dé. Lẹ́yìn ọkọ̀ oníẹ̀rọ, ọkọ̀ ojú irin tẹ̀lé e, owó rẹ̀ wá láti London. Owó ìwakùsà ní tirẹ̀ wá láti San Francisco, lọ́wọ́ olówó kan tó ń jẹ́ Holroyd. Kò sí gómìnà òyìnbó kankan níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ri àsíá ọba òkèèrè mọ́lẹ̀. Síbẹ̀, owó San Tomé ló gbé Ààrẹ Ribiera gorí àlééfà. Ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá ni ti Costaguana, ṣùgbọ́n òkè yẹn ò lọ síbì kankan.

Ìbéèrè mi: ilẹ̀ àti òkun inú ìwé yìí, ṣé òǹkọ̀wé kàn fi wọ́n ṣe ìtàn lọ́ṣọ̀ọ́ ni, àbí àwọn gan-an ló ń tu ìtàn náà?

Ajíbọ́lá_Kékeré
Ẹ̀gbọ́n, kí n tó dáhùn, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń bọ̀, ta ló ń lọ nínú ìwé yìí? Níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ mo rí Ààrẹ Ribiera tó ń sá àsálà lórí ìbaaka. Nígbà tí mo kà á síwájú, mo tún bá a nínú ọkọ̀ òkun, ó ń jẹun, wọ́n ń pọ́n ọn lé. Ṣé ìjọba tún padà bọ́ sí i lọ́wọ́ ni?

ÌyáMoyọ̀
@Ajíbọ́lá_Kékeré, kò bọ́ sí i lọ́wọ́ mọ́, ọmọ mi. Ìwé náà ló ń rìn sẹ́yìn. Àsè inú ọkọ̀ yẹn, nígbà tí wọ́n ń ṣí iṣẹ́ ojú irin, fi oṣù méjìdínlógún ṣíwájú ọjọ́ tó sá lórí ìbaaka. Àwọn òǹkọ̀wé ìgbà náà tí wọ́n ń pè ní modernist fẹ́ràn irú ẹ̀: wọ́n á kọ́kọ́ fi ìparí hàn ọ́, wọ́n á wá ní kí o jókòó wo ìbẹ̀rẹ̀. O ti mọ̀ pé ìjọba ọkùnrin yìí máa wó, o wá ń gbọ́ bí àwọn olówó ṣe ń yìn ín níwájú oúnjẹ. Máa kà á lọ, wàá rẹ́rìn-ín títí.

Ní ti ilẹ̀ tí Akàwé béèrè, ẹ wá ìyàwó Gould lọ, Emilia. Àwòrán kan wà lára ògiri ilé wọn tó fọwọ́ ara rẹ̀ yà: àfonífojì San Tomé bó ṣe rí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Omi ń já wálẹ̀ láti orí àpáta, ewéko tútù yọ̀yọ̀ bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Wọ́n fi igi mẹ́ta gbé òrùlé koríko ró fún un kí oòrùn má baà pa á, ó jókòó sábẹ́ rẹ̀, ó yà á kíá. Nígbà tí òǹkọ̀wé máa fi àwòrán náà hàn wá, omi ọ̀hún ò sí mọ́. Wọ́n ti sé e lókè. Adágún ìsàlẹ̀ ti gbẹ, ewéko ti kú, òkúta tí wọ́n kó dànù ló kún àfonífojì náà dé ìdajì. Obìnrin tó láàánú jù lọ nínú ìwé yìí ló ya àwòrán ohun tí iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ pa, wọ́n sì gbé e kọ́ sínú ilé ọkọ náà. Mi ò tíì ka ibi tí wọ́n ti fi ìmúnisìn hàn kedere báyìí rí láìdárúkọ rẹ̀.

Òkúta_ń_Fọhùn
Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Iṣẹ́ kùsà ni mò ń jẹ, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí omi yẹn gbà lọ, torí ó kan ọ̀rọ̀ yín.

Fàdákà kì í wà ní gbangba, inú òkúta ló há sí. Ẹ ní láti fọ́ òkúta náà kúnná kẹ́ ẹ tó rí nǹkan kan yọ. Láyé ìgbà yẹn, ọmọ odó onírin tó wúwo gan-an ni wọ́n máa ń tò lọ́wọ̀ọ́wọ́, ẹ̀rọ á máa gbé wọn sókè, á máa jù wọ́n lu òkúta, tọ̀sán-tòru. Omi ló ń fún ẹ̀rọ náà lágbára. Nínú ìwé yìí wọ́n gbẹ́ ìtì igi bí ọpọ́n, wọ́n gbé e lé ẹsẹ̀ gíga, omi tí wọ́n sé sókè wá ń gba inú rẹ̀ sáré lọ yí tọ́báìnì. Ẹ rí i pé kì í ṣe pé wọ́n ṣèèṣì ba omi náà jẹ́. Wọ́n gbà á síṣẹ́ ni. Ní gbogbo òru, ariwo ẹ̀rọ yẹn ń dún jáde látinú òkè, Gould á sì máa gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ ìkéde tí wọ́n ń ké fún gbogbo ilẹ̀ náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ayé ni o. Ní Potosí, tó wà ní Bolivia òde òní, àwọn Sípéènì bẹ̀rẹ̀ sí í wa fàdákà lọ́dún 1545. Wọ́n sé adágún sórí àwọn òkè ibẹ̀ láti máa fi omi wọn yí ẹ̀rọ ìfọ́kúta. Ní àwọn ọdún 1570 ni wọ́n gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní mita: àwọn ìlú ọmọ onílẹ̀ káàkiri gbọ́dọ̀ máa fi ọkùnrin ránṣẹ́ wá síbi iṣẹ́, wọ́n fẹ́ wọn ò fẹ́. Ó ju igba ọdún lọ kí wọ́n tó fòpin sí i.

Làmídì_Ìlú_Ọba
> Mi ò tíì ka ibi tí wọ́n ti fi ìmúnisìn hàn kedere báyìí rí

Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n mi ò lè gba èyí wọlé bẹ́ẹ̀. Chinua Achebe ti sọ ọ́ ní Yunifásítì Massachusetts ní Amherst lọ́dún 1975, lórí ìwé mìíràn tí Conrad yìí kan náà kọ nípa Congo, Heart of Darkness: Achebe ní Conrad sọ ilẹ̀ wa di aṣọ tí wọ́n ta sẹ́yìn òṣèré, ó wá lé àwọn tó ni ilẹ̀ kúrò lórí ìtàgé. Ṣé nǹkan yàtọ̀ níbí?

Ẹ ka orúkọ. Òkè oníyìnyín ń jẹ́ Higuerota. Ahọ́n ilẹ̀ tó yọ sínú òkun ń jẹ́ Azuera. Àwọn erékùṣù mẹ́ta tí èèyàn ò tiẹ̀ gbé ibẹ̀ ń jẹ́ Isabel Ńlá, Isabel Kékeré àti Hermosa. Abúlé àwọn tó ń wa fàdákà ńkọ́? Abúlé Kìíní, Abúlé Kejì, Abúlé Kẹta. Ìgbà wo la gbọ́ tí awakùsà kan ṣoṣo sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀? Ìgbà tí a bá máa rí wọn, aṣọ àti fìlà wọn la ń rí.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ aṣáájú. Àwọn wo ni òǹkọ̀wé fi ṣe ẹlẹ́yà jù? Ọ̀gágun Montero àti àbúrò rẹ̀ Pedrito, àwọn tó gbìjọba lọ́wọ́ Ribiera. Ó sì rí i dájú pé òun sọ fún wa pé irun orí wọn ń fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ èèyàn dúdú wà lára wọn. Kí ni irun kan nínú ọ̀rọ̀ ìfipágbàjọba?

Akàwé_Òru
Bọ̀dá Làmídì, mi ò ní bá yín du ti irun yẹn. Kò ní àwíjàre.

Ti abúlé ni mi ò gbà. Ta ló fún wọn ní nọ́ńbà? Ilé iṣẹ́ ni. Òǹkọ̀wé fi í síbẹ̀ kí ojú lè tì wá ni. Níbi tó ti ń sọ ìtàn òkè náà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ó ní ẹgba ni wọ́n fi mú ẹrú ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó ní ìwọ̀n fàdákà tó jáde ni ìwọ̀n egungun èèyàn tó wọlẹ̀, tí odindi ẹ̀yà àwọn ọmọ onílẹ̀ sì run síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì kan gbà á, àwọn òṣìṣẹ́ dìde, wọ́n pa àwọn ọ̀gá wọn. Ìjọba wá gbẹ́sẹ̀ lé e. Nígbà tó yá wọ́n fi tipátipá dì í lé bàbá Gould lórí, wọ́n sì ní kó san owó ọdún márùn-ún sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lórí kùsà tí kò mú kọ́bọ̀ wọlé. Ọkùnrin yẹn fi lẹ́tà bẹ ọmọ rẹ̀ títí pé kó má ṣe padà wá sí Costaguana láé, ìbànújẹ́ ọ̀rọ̀ náà ló sì gbé e lọ. Ọmọ padà wá ṣáá. Ẹni tó kọ gbogbo èyí mọ ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ tó ń júwe.

Ẹ má sì gbàgbé ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti wá. Ọmọ Pólándì ni, wọ́n bí i lọ́dún 1857 ní Berdychiv, lábẹ́ ọba Rọ́ṣíà. Ọdún 1862 ni wọ́n lé bàbá rẹ̀ lọ sí ìgbèkùn ní Vologda nítorí ọ̀rọ̀ òmìnira, tìyá-tọmọ ló tẹ̀ lé e lọ. Ìyá kú lọ́dún 1865, bàbá lọ́dún 1869. Ọmọ ilẹ̀ tí wọ́n mú sìn lòun náà.

Làmídì_Ìlú_Ọba
Ẹni tí wọ́n jẹ níyà lè má rí ìyà ẹlòmíì. Òótọ́ ni pé egungun wà níbẹ̀, òkú ni wọ́n ṣá. Ààyè ni mò ń béèrè.

Baba_Ìwé_Àtijọ́
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àríyànjiyàn. Làmídì, tó o bá ní Montero nìkan ló fi ṣe ẹlẹ́yà, o ò tíì dé ọ̀dọ̀ Don Juste López nìyẹn. Aláwọ̀ funfun, ọmọ àwọn ìdílé ńlá, olórí ìgbìmọ̀ aṣòfin ẹkùn náà. Ìbọn ti jó ìdajì irùngbọ̀n rẹ̀ nígbà rògbòdìyàn. Ó wá wà níbẹ̀ pẹ̀lú irùngbọ̀n ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń ṣàlàyé fáwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n lọ kí Pedrito Montero káàbọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí ètò ìgbìmọ̀ aṣòfin má baà parẹ́! Gould ò bá wọn lọ.

Pedrito ní tirẹ̀ ti gbé Paris rí, ìwé ìtàn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nípa ààfin àwọn Faransé ló yí i lórí. Ó fẹ́ dà bíi Duc de Morny, ọmọ ìyá Napoleon Kẹta tí bàbá wọn yàtọ̀. Ó wọ Sulaco tìlù-tìfọn, ó dé ilé ìjọba, ó bá a pé àwọn jàǹdùkú ti kó gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì tí yóò sùn lé ló kọ́kọ́ dun ọkùnrin tó fẹ́ tún orílẹ̀-èdè ṣe. Mo ti gbé ayé pẹ́ díẹ̀, mo mọ irú wọn.

Ọ̀kọ̀tọ́
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ò mẹ́nu ba Panama. Ejò lọ́wọ́ nínú o.

Nínú ìwé náà, nígbà tí ìjọba Montero ń bọ̀, akọ̀ròyìn kan tó ti Paris dé, Martin Decoud, ló mú àbá wá pé kí Sulaco yà kúrò lára Costaguana. Ìfẹ́ ọmọbìnrin kan, Antonia Avellanos, ló gbé e débẹ̀, torí pé ọmọbìnrin náà ò ní bá a sá kúrò nílùú. Ẹ wo òkè àti òkun tí Akàwé ń wí, ohun tí Decoud fi ń gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ rèé: òkè ńlá ti dá ẹkùn yìí yà tẹ́lẹ̀, ká kàn jẹ́ kí ìwé òfin tẹ̀ lé e. Nígbà tó yá tí wọ́n yapa, ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà, Powhatan, ló kọ́kọ́ kí àsíá tuntun náà.

Lójú ayé wàyí: oṣù kẹjọ ọdún 1903 ni ilé aṣòfin àgbà Kòlóńbíà kọ̀ láti fọwọ́ sí àdéhùn tí Amẹ́ríkà fẹ́ fi gbẹ́ odò ọkọ̀ ní Panama. Ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá, Panama kéde pé òun ti yapa kúrò lára Kòlóńbíà. Ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Nashville ti wà ní Colón kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọjọ́ 6, Amẹ́ríkà ti gba ìjọba tuntun wọlé. Ọjọ́ 18, wọ́n buwọ́ lu ìwé odò ọkọ̀, ẹni tó sì buwọ́ lù ú lórúkọ Panama, ọmọ Faransé ni, Bunau-Varilla. Ọdún 1914 ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀ kọjá, ìgbà tí ọdún 1999 ń parí lọ ló tó bọ́ sọ́wọ́ Panama pátápátá.

Conrad ń kọ ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀. Ó kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Cunninghame Graham ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ó fi àwọn ará Amẹ́ríkà tó wà ní Panama ṣe yẹ̀yẹ́. Bẹ́ẹ̀, etíkun Gúúsù Amẹ́ríkà yẹn, ìgbà tó wà léwe nínú iṣẹ́ ọkọ̀ ló yọjú sí i díẹ̀. Ìyókù, ìwé àwọn arìnrìn-àjò nípa Venezuela àti Paraguay ló ràn án lọ́wọ́.

Ajíbọ́lá_Kékeré
Ìyẹn ni pé ìlú tí kò mọ̀ dáadáa ló fi òkè àti erékùṣù kún báyìí? Ó ga o. Mo ti dé ibi tí Decoud àti Nostromo, ọ̀gá àwọn aláàárù èbúté, ti ń gbé fàdákà sá lóru nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Òkùnkùn biribiri, ìwọ ò rí ọwọ́ ara rẹ. Ẹ̀rù bà mí ju ibi tí wọ́n ti ń yìnbọn lọ.

ÌyáMoyọ̀
Ibẹ̀ yẹn ni kí o ti fara balẹ̀. Òkun Plácido yẹn làwọn ará ibẹ̀ ń sọ pé bó bá ti ṣú lóru, ojú Ọlọ́run pàápàá ò lè rí ohun tí ọwọ́ èèyàn ń ṣe nínú rẹ̀. Wo ohun tó fi Decoud ṣe. Ọmọ Paris tí kì í gba nǹkan kan gbọ́, tó ń fi gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, ó ku òun nìkan ní Isabel Ńlá, erékùṣù tí wọ́n kó fàdákà náà pa mọ́ sí, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ àwàdà rẹ̀. Kò ju nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá lọ tó fi yìnbọn para rẹ̀. Bíríkì fàdákà mẹ́rin ló kó sápò kí òkú òun lè rì. Ẹni tó dá orílẹ̀-èdè tuntun sílẹ̀ nìyẹn o. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ òkun ló pa á, ọ̀tá ò débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ aṣáájú kan tún wà tẹ́ ẹ ò tíì fọwọ́ kàn. Ère ọba Sípéènì kan wà ní Sulaco, Charles Kẹrin, lórí ẹṣin. Àwọn ará oko àti alágbe tó ń sùn sí ìdí rẹ̀ ò mọ ẹni tó jẹ́, Ẹṣin Òkúta ni wọ́n ń pè é. Gould á gun ẹṣin kọjá níwájú rẹ̀ nínú aṣọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, òun tí àwọn èèyàn ń pè ní ọba Sulaco. Charles kan lórí òkúta, Charles kan lórí ẹṣin ààyè! Lẹ́yìn ìyapa, wọ́n gbé ère náà kúrò, wọ́n ní kò bá ìgbà mu mọ́. Òpó mábù ni wọ́n fẹ́ gbé síbẹ̀, pẹ̀lú áńgẹ́lì àlàáfíà àti ère Ìdájọ́ Òdodo tí wọ́n kùn ní wúrà lókè. Charles kejì kò kúrò ní tirẹ̀.

Òkúta_ń_Fọhùn
Ẹ tún rántí pé Gould ti ri àdó olóró yí kùsà náà ká. Tí wọ́n bá fẹ́ fipá gbà á, á fọ́ òkè náà yángá. Ààrẹ wo ló ní irú agbára yẹn? Ohun tó gbà gbọ́ ni pé kí owó àti òwò kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀, òfin àti ààbò á tẹ̀ lé e dandan, ìdájọ́ òdodo á sì dé nígbà tó bá yá. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn ọ̀gá ibi iṣẹ́ rí, láìka ìwé kankan.

Baba_Ìwé_Àtijọ́
Ẹ ò wá sọ nǹkan kan nípa ẹni tí ìwé ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Nostromo, ọmọ Genoa, ọ̀gá àwọn aláàárù èbúté. Òun gan-an làwọn mẹ̀kúnnù ń tẹ̀ lé. Ó jókòó lórí ẹṣin lójú gbogbo ayé, ó ní kí ọmọbìnrin kan fi ọ̀bẹ gé bọ́tìnì fàdákà ara ẹ̀wù òun lọ, kó fi ṣe ẹ̀bùn. Àwọn ọ̀gá ń rán an níṣẹ́ ikú, ìyìn ni owó oṣù rẹ̀. Ọjọ́ tó mọ̀ pé wọ́n ti lo òun ni fàdákà tó fi pa mọ́ sí erékùṣù di tirẹ̀, ó ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ bí olè. Ní ìdùbúlẹ̀ ikú rẹ̀, ọkùnrin kan tó kórìíra àwọn olówó wá béèrè bóyá ó fẹ́ fowó sílẹ̀ fún ìjà àwọn òṣìṣẹ́. Kò fèsì.

Akàwé_Òru
Bọ̀dá Làmídì, ẹ ní ààyè lẹ̀ ń béèrè. Ta ló gba Gould là lọ́jọ́ tí Pedrito fẹ́ kí wọ́n yìnbọn pa á? Àwọn awakùsà ni. Don Pépé, alábòójútó kùsà náà, kó wọn sọ̀ kalẹ̀ látorí òkè wọ ìlú. Láìsí wọn, Sulaco ò lè yapa. Nígbà tí ìwé náà sì ń lọ sópin, Dókítà Monygham, tí apàṣẹwàá àtijọ́ ti fìyà jẹ títí tó fi ya arọ, béèrè lọ́wọ́ Emilia: lónìí, ṣé ó rò pé àwọn awakùsà tún lè sọ̀ kalẹ̀ wá gba ọ̀gá wọn là? Ó ní ìgbà ń bọ̀ tí ohun tí San Tomé dúró fún yóò wúwo lórí àwọn èèyàn bí ìwà ìkà tó ti kọjá lọ. Ọdún 1904 ni wọ́n tẹ èyí o.

Làmídì_Ìlú_Ọba
Ọ̀rọ̀ gidi ni. Mo kí òǹkọ̀wé kú iṣẹ́ lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó sọ ọ́: dókítà òyìnbó ló ń bá ìyàwó òyìnbó sọ ọ́, nínú ọgbà òdòdó.

Tí ẹ bá fẹ́, ká ka ti César Vallejo tẹ̀ lé e, El tungsteno, tó jáde lọ́dún 1931. Ọmọ Peru ni, láti orí òkè Andes. Ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà wá wa kùsà, àwọn ọmọ onílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Sora ń fi ilẹ̀ wọn sílẹ̀ nítorí nǹkan ṣeréṣeré tó ń dán. Kò gùn tó èyí rárá. Òkúta, ẹ máa gbádùn ti iṣẹ́ yín níbẹ̀.

ÌyáMoyọ̀
Ó dáa. Ta ló ní i lọ́wọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì? Mi ò gbọ́ èdè Sípéènì o.